Ṣé irọ́ ni wọ́n ń pa fún mi? Ìdáhùn nípa oòrùn, awọ ara àti ìrántí

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìlera àwùjọ ni mí, níbí ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ àṣekágbá mi dá lórí àwọn àfín àti oòrùn. Ìwé ìbéèrè tí wọ́n ń lò lókè òkun ni mo gbà, mo túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, mo sì gbé e tọ àwọn àfín àti àwọn ìyá wọn lọ ní Láfẹ́nwá, Ìtòkú àti Kútọ̀. Ó ń béèrè ẹ̀ẹ̀melòó ni oòrùn ti jó wọn lára kí wọ́n tó pé ọmọ 20 ọdún, àti bóyá wọ́n ti lo bẹ́ẹ̀dì oníná tí àwọn òyìnbó fi ń yá oòrùn nínú ilé rí. Mo padà lọ bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó sọ pé "rárá" ti di "bẹ́ẹ̀ ni", ẹni tó pe mẹ́ta ti pe mẹ́wàá. Ti bẹ́ẹ̀dì nìkan ni gbogbo wọn dáhùn bákan náà. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ó ní kí n da ìyókù nù, kí n fi ti bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ torí òun ló ṣeé gbíyè lé. Ṣé òótọ́ ni, mà? Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Má da nǹkan kan nù. Bí a bá máa yọ ìbéèrè kan kúrò nínú ìwé rẹ, ti bẹ́ẹ̀dì yẹn ni ká kọ́kọ́ yọ, torí kò sọ nǹkan kan fún ọ. Inú àwọn ìdáhùn tó ń yí padà ni ọ̀rọ̀ wà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní kílíníkì awọ ara, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ àfín àti àwọn tó bí wọn. Ní ti àwọn tí o bi yìí, ìbéèrè ló kọ́kọ́ kọsẹ̀ kí ìdáhùn tó kọsẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá láti Ìtòkú. Àfín ni ọmọ náà, kò tíì ju ọmọ ọdún méje lọ. Mo ṣí ìwé mi, mo bi ìyá rẹ̀ pé, "Ìyá, ṣé oòrùn ti jó ọmọ yín lára rí?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí ọmọ náà. "Láéláé! Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Oòrùn kò ní jó ọmọ mi." Mo kọ "rárá" sílẹ̀. Ọmọ náà wá bẹ̀rẹ̀ láti mú bàtà rẹ̀, mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀: ó pọ́n bí ojú ata, ó sì ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Mo ní kí ló ṣe é lọ́rùn. Ìyá rẹ̀ ní ilé-ìwé wọn ló ṣe ìdíje eré sísá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní lálẹ́ ọjọ́ yẹn ara rẹ̀ gbóná, kò lè fi ẹ̀yìn lélẹ̀, òun rò pé ibà ni, òun sì fún un ní parasítámọ́ọ̀lù.

Gbogbo ohun tí ìwé mi ń wá ló wà lẹ́nu ìyá yẹn: ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, bó ṣe dun ọmọ náà tó. Àmọ́ "rárá" ló wà nínú ìwé.

Ìyá yẹn kò purọ́. Ọ̀rọ̀ iná ni mo fi kan ọmọ rẹ̀, ó sì fi àdúrà dá mi lóhùn, bí ẹnikẹ́ni nínú wa ṣe máa ṣe. Bí wọ́n bá bi Yorùbá ní ohun burúkú tó kan ọmọ rẹ̀, àdúrà ló ń ṣáájú. Ìròyìn á tẹ̀lé e bí ẹni tó béèrè bá ní sùúrù. Ìwọ náà padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti mọ̀ ọ́, àdúrà ti parí, ìròyìn wá jáde. Nítorí náà, kí o tó gbà pé irọ́ ni, jókòó ti ìwé rẹ kí o kà á: mélòó ló kúrò ní "rárá" lọ sí "bẹ́ẹ̀ ni", mélòó ló kúrò ní "bẹ́ẹ̀ ni" lọ sí "rárá"? Ìgbàgbé máa ń fọ́n ká ni, ó ń lọ sọ́tùn-ún, ó ń lọ sósì. Bí ọ̀pọ̀ ìdáhùn bá gba ọ̀nà kan ṣoṣo, a jẹ́ pé ohun kan ló ń tì wọ́n lọ sí ọ̀nà yẹn. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe bá a.

Ara fúnra rẹ̀ tún máa ń da ẹjọ́ yìí rú. Awọ tí oòrùn jó kì í sábà hàn lójú ẹsẹ̀. Ó ń tó wákàtí 3 sí 6 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, ó sì máa ń le jù láàárín wákàtí 12 sí 24. Ẹni tó dúró sínú oòrùn Kútọ̀ ní agogo kan ọ̀sán, òru ló máa mọ̀ ọ́n lára, ibà ló sì máa rò. Lọ́dọ̀ wa, oòrùn ti ń fa ibà láti ayébáyé. Bí èèyàn bá sọ pé "oòrùn pa mí lánàá", orí fífọ́ àti ara gbígbóná ló ń sọ, kò ronú kan awọ rárá. O lè bi í nípa awọ rẹ̀ kó sọ pé rárá tọkàntọkàn, kó sì jẹ́ pé bí o bá bi í nípa ibà tó tẹ̀lé ọjọ́ tó pẹ́ nínú oòrùn, á ka márùn-ún fún ọ. Àwọn ìyá tún wà tí àwọ̀ tiwọn dúdú. Melanin, èròjà tó ń mú awọ dúdú, tó wà lára wọn ń dáàbò bò wọ́n, nítorí náà ohun tí ọmọ wọn ń rí kò ṣẹlẹ̀ sí wọn rí kí wọ́n lè fi orúkọ pè é.

Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀. Bí o bá bi èèyàn ní oṣù Kìíní pé "ṣé ara yín ti bó rí", ọyẹ́ lo ń kà. Ìgbà yẹn, ara gbogbo wa ló ń bó.

Má sì rò pé àwọn tó kọ ìwé ìbéèrè yẹn sàn jù wá lọ níbi ìrántí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "sunburn", tí wọ́n ń pe kí oòrùn jó awọ, láti kékeré ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ bí wọ́n bá bi ẹnì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, iye ìgbà máa ń yí padà. Bóyá ó ṣẹlẹ̀ rí tàbí kò ṣẹlẹ̀ rí ló máa ń dúró jù. Wo nọ́ńbà tí àwọn èèyàn ń pè: 5, 10, 20. Ẹni tó ní 10, "ó pọ̀" ló ń sọ fún ọ, kò kà á. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fi máa ń béèrè èyí tó le nìkan, èyí tó dun èèyàn fún ọjọ́ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó yọ omi. Ìyẹn kì í tètè kúrò lọ́kàn.

Ìwádìí ńlá kan wà ní Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1976, àwọn nọ́ọ̀sì obìnrin ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ń kọ ìwé ìbéèrè sí wọn láti ìgbà dé ìgbà. Nígbà tí melanoma, jẹjẹrẹ awọ tó burú jù, wá mú díẹ̀ nínú wọn, àwọn olùwádìí ní ohun tí kì í sábà sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ìdáhùn tí àwọn obìnrin yìí ti kọ kí àìsàn tó dé. Wọ́n tún bi wọ́n. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 1991. Ohun tí wọ́n sọ nípa àwọ̀ irun orí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ṣùgbọ́n nípa bí awọ wọn ṣe ń ṣe nínú oòrùn, bóyá ó máa ń dúdú àbí kì í lè dúdú, àwọn tí àìsàn ti mú ń sọ ọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ pé awọ àwọn kì í lè dúdú.

Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó lè pè wọ́n ní púrúǹtù tàbí òpùrọ́. Ẹni tí jẹjẹrẹ mú á máa tú ẹrù ayé rẹ̀ wò lóru, á máa wá ibi tí àìsàn náà gbà wọlé. Ohun tó bá rí, á gbé e síwájú. Èyí kàn ọ́ gbọ̀ngbọ̀n: bí àwọn tó ti ní egbò jẹjẹrẹ bá wà lára àwọn tí o bi, má po ìdáhùn wọn mọ́ ti àwọn tí ara wọn dá. Àṣìṣe tó fọ́n ká bákan náà láàárín gbogbo èèyàn sábà máa ń bo ewu mọ́lẹ̀, á dà bí ẹni pé oòrùn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Àṣìṣe ẹni tó ń tú ẹrù á sọ ewu náà di ńlá ju bó ṣe wà lọ. Àwọn méjèèjì lè wà nínú ìwé kan ṣoṣo.

Ó wá kan bẹ́ẹ̀dì. Fún àwọn tí kò rí i rí, gílóòbù gígùn-gígùn ló wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, tó ń tan ìtànṣán ultraviolet, irú èyí tó ń ti ara oòrùn wá. Òyìnbó á bọ́ aṣọ, á dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí awọ rẹ̀ lè dúdú díẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti etíkun dé. Lọ́dún 2009, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, fi í sí ìsọ̀rí kìíní, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ, níbi tí sìgá wà. Ọdún yẹn kan náà ni Brazil fòfin dè é, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Ọsirélíà sì fòfin de lílò rẹ̀ fún òwò láti ọdún 2015.

Lọ́dọ̀ àwọn tó ń lò ó, ìbéèrè pé "ṣé ẹ ti lò ó rí" wà lára àwọn tó dúró dáadáa, ìdí rẹ̀ kò sì jìnnà. Wọ́n sanwó. Wọ́n gba àkókò sílẹ̀, wọ́n rìn lọ, wọ́n bọ́ra. Ohun tí èèyàn fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ ṣe kì í tètè sọnù bí ohun tó kàn dé bá a lójú ọ̀nà. Iye ìgbà ni kì í dúró, pàápàá fún ẹni tó ti lò ó lọ́dún púpọ̀. Àwọn kan tún ń pò ó mọ́ àwọ̀ tí wọ́n kàn ń fín sára láìsí iná kankan níbẹ̀.

Ní Abẹ́òkúta ńkọ́? Gbogbo àwọn tí o bi ní rárá lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá rẹ rí i pé ó bára mu láìku ẹnì kan, ó gbà pé ó dára. Bí mo bá bi gbogbo ará Aké bóyá wọ́n ti gun ràkúnmí lọ sí Ìṣẹ́yìn rí, wọ́n á dáhùn bákan náà lónìí, wọ́n á dáhùn bákan náà lọ́dún tó ń bọ̀, mi ò sì ní fi mọ nǹkan kan nípa wọn. Ọ̀tọ̀ ni kí ìdáhùn dúró síbì kan, ọ̀tọ̀ ni kó wúlò.

Lọ́dún 1960 ni Jacob Cohen gbé ìṣirò kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kappa. Ó ń yọ ìbáramu tí èèṣì lásán lè mú wá kúrò, ó sì ń fi ìyókù hàn ọ́. Wò ó báyìí. Ká ní èèyàn 100 lo bi lẹ́ẹ̀mejì, tí 10 ní bẹ́ẹ̀ ni, tí 90 ní rárá nígbà kọ̀ọ̀kan, tí 92 sì sọ ohun kan náà nígbà méjèèjì. Ó dùn-ún gbọ́. Ṣùgbọ́n "rárá" pọ̀ débi pé bí wọ́n bá ń dáhùn láìronú rárá, nǹkan bíi 82 ṣì máa bára mu. Ààyè 18 ló kù tí ìrántí lè fi ara rẹ̀ hàn, 10 péré ló sì rí gbà níbẹ̀. Kappa rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 0.56, èyí tí a ń pè ní ìwọ̀nba. Ní ti bẹ́ẹ̀dì rẹ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti sọ bẹ́ẹ̀ ni, kappa kò ṣeé ṣírò rárá, òdo lo máa pín sí òdo. Ṣe ìṣirò yìí fún ìbéèrè oòrùn rẹ kí o gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ. Bá a sọ̀rọ̀ tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. Á gbọ́, torí nọ́ńbà ló fi bá ọ wí.

Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù nínú ìwé ìbéèrè yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì. Melanoma ni àwọn tó kọ ọ́ ń ṣọ́. Wọ́n ń ronú nípa ẹni funfun tó ń jókòó sí ọ́fíìsì láti oṣù dé oṣù, tí oòrùn wá jó lójijì nígbà ìsinmi. Ìdí tí wọ́n fi ń ka iye ìgbà nìyẹn. Jẹjẹrẹ awọ tó ń bá àwọn àfín jà jù ní Áfíríkà ni squamous cell carcinoma, èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ láti apá òkè awọ, orí, ojú, etí àti ọrùn ló sì máa ń yọ sí jù. Oòrùn tó ń kó jọ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ló ń fà á. Kò sẹ́ni tó ń ka oòrùn ojoojúmọ́. Obìnrin àfín kan tó ti ń sá àdìrẹ sóòrùn láti ìgbà tó wà lọ́mọge, bí o bá bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó, á kàn máa wò ọ́. Bi í pé níbo ló ti ń sá aṣọ, ọdún wo ló bẹ̀rẹ̀, agogo mélòó ló máa ń kó wọn síta, agogo mélòó ló máa ń kó wọn wọlé, ìgbà wo ni wọ́n ṣe òrùlé sí ibẹ̀. Á dá ọ lóhùn láìwòkè, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Láti inú èyí lo ti máa ṣírò wákàtí. Kọbi ara sí èyí tó bọ́ sí àárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 4 ìrọ̀lẹ́, ìgbà tí ultraviolet ń le jù.

Bí ọdún bá rú u lójú, fi ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí Abẹ́òkúta gba àlejò Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè lọ́dún 2006, níbo lẹ ti ń tajà? Nígbà tí Kòrónà ti gbogbo wa mọ́lé lọ́dún 2020 ńkọ́? Nígbà tí owó bébà wọ́n lọ́dún 2023? Fún àwọn àgbà, o lè lọ dé ìgbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀ lọ́dún 1976, tàbí June 12 ọdún 1993. Tọ́mọ tún wà níbẹ̀: kí wọ́n tó bí àkọ́bí, lẹ́yìn tí wọ́n bí i. Ìyá kò ní gbàgbé ọdún tó ń pọn ọmọ lọ sọ́jà. Yọ "summer" tó wà nínú ìwé wọn kúrò. Kò sí lọ́dọ̀ wa, oòrùn ń kọjá lórí wa gan-an lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kò sì sí oṣù tí ultraviolet kì í le ní Abẹ́òkúta, ojú ọ̀run ìbáà ṣú díẹ̀.

O ṣì lè béèrè nípa oòrùn tó jóni, ṣùgbọ́n bi wọ́n báyìí: "Ǹjẹ́ ọjọ́ kan wà tí ẹ pẹ́ nínú oòrùn, tó jẹ́ pé lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ kejì ara yín pọ́n tàbí ó ń ta yín bí ata, tí aṣọ kò ṣeé fi kàn án?" Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, béèrè bóyá ó tó ọjọ́ méjì, bóyá ó yọ omi, bóyá ara gbóná lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bóyá ibẹ̀ bó lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ṣe àdúrà, ṣe "àmín", kí o dákẹ́ díẹ̀. Má tíì kọ nǹkan kan.

Lẹ́yìn náà, tọrọ àyè kí o wo awọ wọn. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Fi inú apá, lókè ìgúnpá níbi tí oòrùn kì í dé, wé ẹ̀yìn ọwọ́ àti ẹ̀yìn ọrùn. Àmì dúdú wẹ́wẹ́, awọ tó ki tó sì le gbaragbara, ibi tó rí ráúráú bí ìpẹ́ ẹja, gbogbo rẹ̀ ni kí o kọ sílẹ̀. Awọ kò lè sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ó ti kó gbogbo rẹ̀ jọ. Bí ẹnu bá ní rárá, tí ọrùn ní bẹ́ẹ̀ ni, kọ méjèèjì.

Níbi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, fi ìpara sí i, pàápàá fún àwọn ìyá àti àwọn ẹbí tó dúdú. Òun ló dúró lọ́dọ̀ wa níbi tí bẹ́ẹ̀dì dúró sí lọ́hùn-ún, ohun tí èèyàn ń sanwó rà kí àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà. Má bi ẹnikẹ́ni pé "ṣé ẹ ń bóra?" Èébú ni wọ́n máa gbọ́, rárá ni wọ́n sì máa sọ. Ẹni tó ní òun kò bóra á sọ fún ọ kí o tó dìde pé òun kàn ń "tóònù" ni. Sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n rí ike àwọn ìpara tí ẹ ń lò lóṣù yìí." Ka ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn. Hydroquinone ń dín melanin kù, stẹ́róìdì bíi clobetasol ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, oòrùn á sì tètè ráyè. Àpòpọ̀ tí wọ́n rà lọ́jà kò ní ní ìwé kankan lára. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: àpòpọ̀, kò ní ìwé.

Nínú ìwé àṣekágbá rẹ, fi ìdáhùn àkọ́kọ́ àti èkejì síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí o sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe yàtọ̀. Mi ò tíì rí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó fi èdè wa ṣe irú èyí. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ á rí i pé ìbéèrè tí wọ́n kàn túmọ̀ kì í ṣe ìbéèrè tí wọ́n bi.

Ohun kan kù, kò sì lè dúró de ọjọ́ tí wàá fi ìwé rẹ sílẹ̀. Nígbà tí o bá ń wo awọ wọn, bí o bá rí egbò tó ti lé ní oṣù kan tí kò jinná, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí kókó tó ń tóbi sí i ní ojú, etí tàbí ọrùn, pa ìwé dé. Gba nọ́ńbà ẹni náà, bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí o rí i pé ó dé kílíníkì awọ ara lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Bí kò bá ní owó ọkọ̀, kọ̀wé sí mi kí ilẹ̀ tó ṣú.